Fartlek: Ìpìlẹ̀ Ọ̀rọ̀ Swídìn Kan àti Ọ̀nà Tí A Lè Gbà Pè É Ní Yorùbá

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí kò pin sí wíwá ọ̀rọ̀ kan dípò òmíràn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìwé atúmọ̀-èdè kan ṣoṣo ìbá tó gbogbo wa í lò. Ohun tí ó ń fa ìṣòro ni pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti rin ìrìn-àjò tirẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti di ẹrù kan lójú ọ̀nà, ó sì ti sọ òmíràn kalẹ̀. Ẹni tí kò bá tú ẹrù náà wò kí ó tó gbé e rù, àfàìmọ̀ kí ó má ru ohun tí kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a ó tú palẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni fartlek. Ọ̀rọ̀ Swídìn ni, ó sì jẹ́ orúkọ ọ̀nà kan tí àwọn asáré ń gbà fi eré sísá kọ́ra. Ó ti wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó wà nínú ìwé àwọn olùkọ́ eré ìdárayá káàkiri àgbáyé, àwọn olùkọ́ ilé-ìwé tiwa náà sì ń bá a pàdé. Ìdí mẹ́ta ni a fi yàn án. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ ni, ìlànà tí a fi kàn án pọ̀ sì yàtọ̀ sí ti Yorùbá. Èkejì ni pé ìdajì rẹ̀ àkọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó máa ń mú kí kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé apá méjèèjì tí a fi ṣẹ̀dá rẹ̀ ni ó ṣeé túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan náà, èyí tíí ṣe eré. Bí a kò bá ṣọ́ra, ohun tí a ó sọ fún ọmọ ilé-ìwé yóò jẹ́ òdìkejì ohun tí ẹni tí ó sọ ọ̀nà náà lórúkọ ní lọ́kàn, ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà ni yóò sì san gbèsè àṣìtumọ̀ wa.

A ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá ìpìlẹ̀ apá rẹ̀ méjèèjì, tí a ó wo bí àwọn èdè mìíràn ti ṣe é, tí a ó sì yẹ ọ̀rọ̀ eré wò nínú èdè tiwa, kí a tó dá àbá tí a ní.

2. Ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí

Gösta Holmér, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ni a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi ọ̀nà yìí lélẹ̀. A bí i ní 1891, ó sì kú ní 1983. Òun fúnra rẹ̀ ti kópa nínú ìdíje ẹlẹ́ka mẹ́wàá ní Ìdíje Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní Stockholm ní 1912. Nígbà tí ó di olùkọ́, ìṣòro kan wà nílẹ̀ tí ó ń dun àwọn ará Swídìn: àwọn asáré Fínlándì tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wọn ń fẹ̀yìn wọn balẹ̀ nínú eré ọ̀nà jíjìn. Paavo Nurmi, ọmọ Fínlándì, nìkan gba wúrà mẹ́sàn-án ní Òlíńpíìkì láàárín 1920 sí 1928. Láàárín àwọn ọdún 1930 ni Holmér ṣètò ọ̀nà ìkọ́ra tuntun yìí.

Bí ó ti rí nìyí. Asáré yóò kúrò lórí pápá tí a ti wọ̀n, yóò lọ sínú igbó, sórí ilẹ̀ rírọ̀ tí ó ní òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Yóò máa sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná. Lẹ́yìn náà yóò ki eré mọ́lẹ̀ títí dé ìdí igi kan tí ó ti fojú sùn, yóò sì padà sí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó lè rìn kíákíá fún ìgbà díẹ̀; ó lè fi agbára gun òkè kan; ó lè tú eré ká fún àádọ́ta mítà péré kí ó sì tún dẹwọ́. Ohun kan tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó dúró. Kò sí ẹni tí yóò fọn fèrè fún un pé ó yá tàbí pé ó tó. Ara rẹ̀ ni aago rẹ̀, ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ ni ó sì ń bá a dámọ̀ràn.

Ohun tí èyí jẹ́ yóò túbọ̀ yé wa bí a bá fi í wé ọ̀nà mìíràn tí ó gbòde ní àkókò kan náà. Ní Freiburg ní ilẹ̀ Jámánì, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Woldemar Gerschler àti oníṣègùn ọkàn kan tí ń jẹ́ Herbert Reindell ṣètò ìkọ́ra tí ó jẹ́ pé wíwọ̀n ni ohun gbogbo. Wọ́n ń wọn ibi tí asáré yóò sá dé, wọ́n ń fi aago wọn ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò lò, wọ́n sì ń ka ìlù ọkàn rẹ̀, nítorí pé kò gbọdọ̀ tún sá òmíràn àyàfi bí ìlù náà bá ti wálẹ̀ sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọ-ẹ̀kọ́ Gerschler, Rudolf Harbig, sá 800 mítà ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 46.6 ní Milan ní 1939, èyí tí kò sí ẹni tí ó sá irú rẹ̀ rí. Ọ̀nà Freiburg kì í ṣe ọ̀nà búburú, ṣùgbọ́n kò sí eré ọmọdé nínú rẹ̀.

Ní ti Swídìn, orúkọ asáré méjì ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọ̀nà ti inú igbó yìí: Gunder Hägg àti Arne Andersson. Ní 1942 nìkan, àkọsílẹ̀ àgbáyé mẹ́wàá ni Hägg fi lélẹ̀. Òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó sá 5,000 mítà ní ohun tí kò tó ìṣẹ́jú 14. Ní ti eré máìlì kan, àkọsílẹ̀ tí àwọn méjèèjì bá nílẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 6.4, nígbà tí ó fi di oṣù Keje 1945, Hägg ti gbé e wá sí ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 1.4. Ibẹ̀ ni ó wà títí Roger Bannister fi sá a ní ohun tí kò tó ìṣẹ́jú 4 ní Oxford ní 1954. Ìdí nìyí tí orúkọ ọ̀nà náà fi kọjá ẹnu ibodè Swídìn.

3. Ìpìlẹ̀ fart

Ọ̀rọ̀-orúkọ ni fart. Ìtumọ̀ rẹ̀ nínú èdè Swídìn òde-òní ni ìyára. Wọ́n ń pe góńgó ìyára ọkọ̀ ní toppfart. Òdiwọ̀n tí òfin ojú pópó fi lélẹ̀ fún awakọ̀ ni fartbegränsning. Ṣùgbọ́n ìyára kọ́ ni ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà bá wáyé. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ wọ̀nyí:

(1) (a) sjöfart: ìrìnnà ojú òkun
(b) luftfart: ìrìnnà ojú òfuurufú
(d) infart: ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé
(e) fartyg: ọkọ̀ ojú omi

Kò sí ìyára nínú ìkankan nínú wọn. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni lílọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó jẹ́ ẹbí wọn ni fara, tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn máa lọ tàbí kí ó rin ìrìn-àjò. Bí wọ́n ti ń pè é nínú èdè Nọ́ọ̀sì àtijọ́ náà nìyẹn. Nínú èdè Jámánì, fahren àti Fahrt ni ẹbí rẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, a rí i nínú farewell, tí a fi ń dágbére fún ènìyàn: ohun tí àwọn baba wọn ń sọ nígbà náà ni 'máa lọ ire'.

Nǹkan kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè kíyè sí. Èdè Swídìn ní ọ̀rọ̀ abínibí kan tí ó wá láti orísun kan náà, èyí ni färd, ìrìn-àjò. Fart ní tirẹ̀ kò gba ojú ọ̀nà ilé wá. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò etíkun àríwá Jámánì ni ó ti wá, láti inú èdè Jámánì Ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní vart. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, tí Lübeck jẹ́ olú-ìlú fún, pọ̀ ní Visby àti ní Stockholm tó bẹ́ẹ̀ tí òfin ìlú fi gbà pé kí ìdajì ìgbìmọ̀ ìlú Stockholm lè jẹ́ ará Jámánì, títí di 1471 tí wọ́n fagi lé òfin náà. Ibi tí òwò bá gbà ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Bí àlùbọ́sà ti bá ọwọ́ àwọn Hausa wọ inú èdè Yorùbá nìyẹn.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ṣe pàdé nínú ilé kan. Nígbà tí wọ́n pàdé, wọ́n pín iṣẹ́. Färd tí ó jẹ́ onílé di ìrìn-àjò mú. Fart tí ó jẹ́ àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, láti orí lílọ sí orí bí lílọ náà ti yá tó, títí ó fi di ìyára pọ́ńbélé. Irú ìyípadà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí a bá béèrè pé 'Eré wo ni ọkọ̀ yẹn ń sá?', kì í ṣe ìrìn ọkọ̀ ni à ń béèrè bí kò ṣe ìyára rẹ̀. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ bákan náà, tí ó túmọ̀ sí ìsó, kò bá fart ti Swídìn tan rárá. Orísun tirẹ̀ yàtọ̀, fjärt sì ni ìbátan rẹ̀ nínú èdè Swídìn. Gbólóhùn kan yìí tó fún olùkọ́ láti fi pa ẹ̀rín kíláàsì lẹ́nu, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

4. Ìpìlẹ̀ lek

Bí fart ti jẹ́ àlejò, onílé ni lek. Leikr ni wọ́n ń pè é nínú èdè Nọ́ọ̀sì àtijọ́, àwọn onímọ̀ sì ti tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé *laikaz nínú ìyá-èdè tí Swídìn, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ti wá. (Àmì ìràwọ̀ náà ń fi hàn pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rí, ìfiwéra àwọn ọmọ rẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n.) Nínú èdè Gọ́tíìkì, ijó ni laiks. Nínú Ìhìnrere Lúùkù 15:25, níbi tí ọmọ tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ti ń ti oko bọ̀ tí ó sì gbọ́ orin àti ijó nínú ilé baba rẹ̀, laiks ni olùtumọ̀ Bíbélì Gọ́tíìkì lò fún ijó náà ní ọ̀rúndún kẹrin. Àwọn ará Nọ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ̀dó sí àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹsàn-án gbé e dání lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà Yorkshire fi mọ ọ̀rọ̀ náà laik, 'ṣeré', dòní. Nínú èdè Dẹ́nmárkì, leg ni ó dà. Nígbà tí Ole Kirk Christiansen ń wá orúkọ fún ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé rẹ̀ ní 1934, leg godt, 'ṣeré dáadáa', ni ó gé kúrú tí ó fi di LEGO.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí yóò túmọ̀ lek ni ibi tí ààlà rẹ̀ wà. Èdè Swídìn ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ kan. Leka ni ti ọmọdé tí ó ń fi iyanrìn kọ́ ilé: kò sí òfin, kò sí ẹni tí yóò jẹ tàbí tí yóò pàdánù, ó sì lè yí i padà nígbà tí ó bá wù ú. Spela ni ti ohun tí ó ní òfin tàbí ìlànà: bọ́ọ̀lù, káàdì, dùùrù. Ẹni tí ó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ń spela, kò leka. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n yan lek tí wọn kò yan spel, kì í ṣe èèṣì. Orúkọ náà ń sọ fún asáré pé kò sí òfin, kò sí aago, kò sí ẹni tí ó ń bá a dù ú.

Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, ó tilẹ̀ fẹ̀ ẹ́ lójú ju Swídìn lọ. Àwa náà kì í 'ṣe' bọ́ọ̀lù: à ń gbá a. À ń ta ayò, à ń lu ìlù, à ń tẹ dùùrù. Ṣeré ni a fi sílẹ̀ fún ohun tí ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá. Leka àti ṣeré pàdé níbẹ̀.

5. Ìlànà ìkànpọ̀

Nínú ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ èdè Swídìn, orí ọ̀rọ̀ ni ó ń gbẹ̀yìn. Ẹ̀yán ni ó ń ṣíwájú. Ẹ fi àwọn méjì yìí wé ara wọn:

(2) (a) leksak: lek + sak 'nǹkan' = nǹkan ìṣeré
(b) barnlek: barn 'ọmọdé' + lek = eré ọmọdé

Nínú (2a), lek jẹ́ ẹ̀yán, irú nǹkan kan ni à ń sọ. Nínú (2b), lek ni orí, irú eré kan ni à ń sọ. Fartlek bá (2b) mu. Irú eré ṣíṣe kan ni, kì í ṣe irú ìyára kan. Ìyára wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń ṣeré, bí ọmọdé ti ń fi iyanrìn ṣeré.

Ìlànà Yorùbá jẹ́ òdìkejì èyí: orí ni ó ń ṣíwájú, bí ó ti hàn nínú nǹkan ìṣeré àti eré ọmọdé. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ yí apá méjèèjì po. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé yíyípo yìí gan-an ni ó ń fa ìdẹkùn.

Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba ohùn pẹ̀lú, nítorí pé ó lè ya àwọn òǹkàwé kan lẹ́nu pé èdè Swídìn náà ń lo ohùn láti ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Anden lè jẹ́ 'pẹ́pẹ́yẹ náà', ó sì lè jẹ́ 'ẹ̀mí náà'. Ohùn nìkan ni ó pààlà. Kò tó ti ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ tiwa, nítorí pé irú ohùn méjì péré ni ó wà, ìtẹnumọ́ ọ̀rọ̀ ni ó sì ń gbé wọn. Ohùn kejì ni ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ sábà máa ń gbà ní agbègbè Stockholm, ìtẹnumọ́ tí ó wúwo jù sì máa ń wà lórí apá àkọ́kọ́. Etí ará Swídìn ń gbọ́ láti inú ohùn pé ọ̀rọ̀ kan ni fartlek, kì í ṣe méjì.

6. Bí àwọn èdè mìíràn ti ṣe é

Ọ̀nà mẹ́ta ni a rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀rọ̀ náà bí ó ti wà. Kò náni lówó, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ dá sílé: ẹni tí kò bá gbọ́ Swídìn kò lè rí ìyára nínú rẹ̀, kò sì lè rí eré.

Èdè Jámánì kan tirẹ̀: Fahrtspiel. Ó dà bí ẹni pé wọ́n kúkú fi ọmọ ìyá rọ́pò ọmọ ìyá, nítorí pé Fahrt àti fart jẹ́ ẹbí. Àmọ́ Fahrt kò kúrò ní ìdí ìrìn-àjò. Spiel náà kò sì mọ ààlà tí ó wà láàárín lek àti spel. Méjèèjì ni ó gbà mọ́ra. Ará Jámánì tí kò bá mọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà yóò gbọ́ 'eré ìrìn-àjò'. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún wa: ìjọra ìró kì í ṣe ìjọra ìtumọ̀, bí a tilẹ̀ jẹ́ ẹbí.

Ìyanu ni ti Fínlándì. Èdè wọn kò bá ti Swídìn tan, síbẹ̀ ìtumọ̀ wọn ni ó sún mọ́ ọn jù: vauhtileikittely. Vauhti ni ìyára. Leikittely wá láti ara leikki, eré ọmọdé, tí àwọn baba ńlá wọn ti yá láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wọn ní ayé àtijọ́. Lek fúnra rẹ̀ ti dúró dè wọ́n nínú èdè wọn kí Holmér tó dé.

Ìlò pẹ̀lú máa ń yí ìtumọ̀ padà. Ní Iten ní ilẹ̀ Kẹ́nyà, ọ̀pọ̀ asáré ń pé jọ sójú ọ̀nà láti ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní fartlek, ṣùgbọ́n aago ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀lé: ìṣẹ́jú kan líle, ìṣẹ́jú kan wọ́ọ́rọ́wọ́. Orúkọ Swídìn ni, ìṣesí rẹ̀ sì ti ń fà sí ti Freiburg. Níbi tí orúkọ kò bá ti sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀, kò sí ohun tí yóò fa ìlò sẹ́yìn.

7. Eré nínú èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ eré ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta ó kéré tán:

(3) (a) Ọmọ náà ń ṣeré. (ṣe + eré: ìṣeré)
(b) Ọmọ náà ń sáré. (sá + eré: ìsáré)
(d) Eré tí ọkọ̀ náà ń sá ti pọ̀ jù. (ìyára)

Àwọn ẹ̀ka-èdè kan ń sọ pé ṣiré, àwọn kan sì ń sọ pé súré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe kò yí padà. Bí a bá fi ojú ìtàn fartlek wò ó, a ó rí i pé (3d) ni fart, (3a) sì ni lek. Odidi ọ̀rọ̀ Swídìn náà wà nínú sílébù méjì tiwa.

Ó yẹ kí èyí mú iṣẹ́ rọrùn. Ó mú un le ni. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà ìkànpọ̀ yóò yí apá méjèèjì po, yóò sì sọ pé eré-ìyára. Kí ni etí Yorùbá yóò gbọ́? Kò ní gbọ́ 'ṣíṣeré pẹ̀lú ìyára'. Eré tí a ń sá ni yóò gbọ́, èyí tí ó yára. Ìyára tí ó tẹ̀lé e ti fa eré kúrò ní (3a) lọ sí (3b). Olùkọ́ tí ó bá kọ eré-ìyára sí ojú pátákó yóò rí i pé gbogbo kíláàsì fi agbára wọn tú eré ká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyẹn gan-an ni ọ̀nà náà fẹ́ kí a yẹra fún.

Ìdí mìíràn wà tí etí wa fi ń yára gba ọ̀nà yẹn. Nínú ìrònú Yorùbá, ìsáré kì í wáyé lásán. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í déédéé sáré inú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Sísáré láìlé nǹkan, láìjẹ́ pé nǹkan ń lé ni, nítorí pé ó kàn wu ara, ohun tí ó yẹ kí orúkọ sọ jáde ni, nítorí pé olùgbọ́ kò ní rò ó fúnra rẹ̀.

Báwo wá ni Yorùbá ṣe ń ya iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, tí kì í sí àṣìgbọ́? Ẹ padà wo (3). Kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó ń pààlà, ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Bí a bá ti gbọ́ ṣe, eré ti di ìṣeré. Bí a bá ti gbọ́ sá, ó ti di ìsáré tàbí ìyára. Swídìn fi ọ̀rọ̀-orúkọ méjì sọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ní tiwa, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni yóò sọ ọ́.

8. Àbá

Yorùbá ti ní àpẹẹrẹ tí a lè tẹ̀ lé. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ń sọ àkójọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ: àsọtẹ́lẹ̀, àkọsílẹ̀, àjọṣe. Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni èyí tí gbogbo awakọ̀ mọ̀, eré àsápajúdé: à + sá + pa + ojú + dé, eré tí a dijú sá. Ní ojú ọ̀nà kan náà, a dábàá:

(4) eré àsáṣeré: à + sá + ṣe + eré, eré tí a ń sá ṣeré

Sá mú ẹsẹ̀ àti ìyára wá. Ṣeré mú òmìnira wá. Ó tilẹ̀ sọ ju ti Swídìn lọ, nítorí pé kò sí ohun tí ó ń tọ́ka sí ìsáré nínú fartlek fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò.

Ìdánwò kìíní ni ti gbólóhùn. A lè sọ pé 'Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà yóò sá eré àsáṣeré lónìí', a sì lè pe ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ní alásáṣeré, láìṣe ìlànà Yorùbá ní jàǹbá. Èkejì ni ti ẹbí: èdè-ìperí tí kò bá lè bí òmíràn kì í pẹ́ kú. Ọ̀nà ti Freiburg, tí a ń wọ̀n tí a sì ń sinmi lágbedeméjì, lè jẹ́ eré àsásinmi. Bí a bá gbé méjèèjì síwájú akẹ́kọ̀ọ́, ìyàtọ̀ wọn hàn kí olùkọ́ tó la ẹnu. Ẹ̀kẹta ni ti ìgbòòrò: àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ náà ń lo ọ̀nà yìí, kẹ̀kẹ́ sì ń sá eré nínú èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà kò ní já sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ó tọ́ka sí àléébù kan. Ní ẹnu àwọn tí kì í pààlà láàárín s àti ṣ, bí a ti ń gbọ́ ọ ní apá kan ilẹ̀ Ìbàdàn, àsáṣeré lè dún bí ẹni pé àṣá, ẹyẹ tí ń gbé òròmọdìẹ, ni ó ṣeré. Ìdí nìyí tí a fi ní kí eré máa ṣíwájú rẹ̀ nígbà gbogbo, kí a má ṣe gé e kúrú. Nínú ìwé, àmì ìsàlẹ̀ ṣ kò gbọdọ̀ sọnù.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ yá ọ̀rọ̀ náà lò fún ìwé ìjìnlẹ̀ kò jẹ̀bi. Kí ó ṣáà rántí pé láti inú Swídìn ni yóò yá a. Ní Swídìn, r àti t inú fart ti papọ̀ di ìró kan, fáwẹ̀lì inú lek sì jẹ́ e gígùn, kì í ṣe ẹ. Fáàtìléèkì ni yóò bá a mu. Fátílẹ́kì jẹ́ àyálò láti ẹnu Gẹ̀ẹ́sì.

9. Ìgúnlẹ̀

Láti 1970, nígbà tí ètò Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ni a ti mọ̀ pé èdè wa tó iṣẹ́ náà í ṣe. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 ṣe bẹbẹ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ẹ̀kọ́ ìdárayá kò sí nínú rẹ̀. Bóyá nítorí pé a rò pé ara ni a fi ń ṣe é, kò nílò ọ̀rọ̀, ni a ṣe fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni ara ọmọdé ń gbọ́ràn sí. Bí a bá sọ fún un pé kí ó sá eré-ìyára, yóò sá a títí èémí yóò fi kúrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí a bá ní kí ó sá eré àsáṣeré, yóò wo igi tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, yóò pinnu fúnra rẹ̀, yóò sì gbéra.

A gbé àbá yìí síwájú àwọn olùkọ́ àti olùtumọ̀ kí wọ́n lò ó, kí wọ́n sì tún un ṣe níbi tí ó bá ti kù díẹ̀ káàtó. Orí pápá ni a ó ti mọ̀ bóyá ó gún.